Ìgbà wo gan-an ni ká bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ fún ọmọ ọwọ́: oṣù mẹ́rin ni àbí oṣù mẹ́fà?

Àṣàkẹ́_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́rin ààbọ̀. Ọmú nìkan ló ń mu, omi kò tíì kan ètè rẹ̀. Màmá ọkọ mi ní ó tó gẹ́ẹ́, ká bẹ̀rẹ̀ ògì. Wọ́n ní ọmọ ń jí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóru, ó ń ki ọwọ́ bọ ẹnu, bí a bá sì ń jẹun, òkèlè ló ń fojú bá lọ. Nọ́ọ̀sì tó ń wọn ọmọ ní ká dúró di oṣù mẹ́fà. Màmá ní oṣù mẹ́rin ni nọ́ọ̀sì sọ fún àwọn nígbà tí wọ́n ń tọ́ ọkọ mi, pé kí ló wá yí padà? N kò fẹ́ kó di ìjà nínú ilé. Ta ni ká tẹ̀lé? Tí àsìkò bá sì tó, kí la ó kọ́kọ́ fún un, báwo ni yóò ṣe pọ̀ tó?

Nọ́ọ̀sì_Agbègbè

Àṣàkẹ́, ẹ bá wa kí màmá. Wọn kò purọ́ rárá. Kó tó di ọdún 2001, "oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà" ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń wí, òun náà sì ni àwọn nọ́ọ̀sì ìgbà náà ń sọ fún àwọn ìyá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2001 ni ìpàdé àpapọ̀ àjọ náà sọ ọ́ di oṣù mẹ́fà. Ìdí ni pé nígbà tí wọ́n kó àwọn ìwádìí jọ, ọmọ tó mu ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà kì í fi bẹ́ẹ̀ ní àrùn inú bí èyí tí wọ́n dá oúnjẹ mọ́ ọmú rẹ̀ lóṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìwúwo rẹ̀ kò sì dín. Ẹ sọ ọ́ fún màmá báyìí: wọ́n ṣe ohun tó tọ́ nígbà tiwọn, ìmọ̀ ló gorí ìmọ̀. Ó sábà máa ń tu ọ̀rọ̀ lára.

Ẹ wo ọmọ yín dáadáa. Ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé pọ̀. Èkíní, kó lè jókòó bí ẹ bá fi ọwọ́ díẹ̀ gbè é lẹ́yìn, kí ọrùn rẹ̀ sì dúró gbọn-in láìmì. Èkejì, kó rí nǹkan, kó na ọwọ́ mú un, kó sì gbé e bọ ẹnu fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ọ̀pọ̀ kì í wò: ahọ́n. A bí ọmọ pẹ̀lú ahọ́n tó máa ń ti ohunkóhun tó bá kan iwájú ẹnu síta, kí nǹkan má baà há a lọ́fun. Tí ẹ bá fi ṣíbí òfìfo kan ètè rẹ̀ tí ahọ́n ṣì ń tì í síta, ẹnu kò tíì ṣetán. Ọmọ tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé fún kó tó sún mọ́ oṣù mẹ́fà kò wọ́pọ̀.

Ọwọ́ kíkì bọ ẹnu, jíjí lóru, kí ọmú máa wù ú léraléra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: kò sí èyí tó jẹ́ àmì ebi oúnjẹ nínú wọn. Ọmọ oṣù mẹ́rin a máa dàgbà fìrì, a sì máa béèrè ọmú gan-an fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ẹ bá jẹ́ kó mu ún, ara yín á pèsè sí i láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ẹ bá fi ògì dí àyè ọmú, ọmú á dín, ẹ ó sì wá rò pé lóòótọ́ ni kò tó. Wíwo òkèlè lẹ́nu àgbà kò yàtọ̀ sí wíwo fóònù, ohun gbogbo ló ń wù ú wò.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmú ń tó o, ìtọ̀ rẹ̀ àti káàdì ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ó yẹ kó tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí 24, kí ìlà ìwúwo rẹ̀ lórí káàdì àjẹsára sì máa gòkè.

Bàbá_Káyọ̀dé

Ọ̀rọ̀ omi ńkọ́? Oòrùn ilẹ̀ wa kì í ṣe kékeré, pàápàá oṣù kejì sí ìkẹrin.

Nọ́ọ̀sì_Agbègbè

Omi ló kó ìdá tó lé ní 85 nínú ọgọ́rùn-ún ọmú. Tí ooru bá mú, ẹ fún un lọ́mú sí i. Kò nílò omi títí oṣù mẹ́fà, ì báà ṣe omi inú ọ̀rá. Àgbo náà kọ́, omi gbígbóná lẹ́yìn ìwẹ̀ kọ́, gripe water kọ́. Inú ọmọ ọwọ́ kéré, omi tó bá gba ibẹ̀ ti gba àyè ọmú. Oògùn tí dókítà kọ nìkan la yọ sílẹ̀.

Tòkunbọ̀_Peckham

Ẹ kú àárọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, náà sọ pé "nǹkan bí oṣù mẹ́fà". Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi òdodo kún un: ẹgbẹ́ àwọn dókítà inú ọmọdé ti Yúróòpù ní a lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 17 sí 26, kò gbọ́dọ̀ yá ju ọ̀sẹ̀ 17, kò sì yẹ kó pẹ́ ju 26. Ìwádìí kan tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2015 tún wà, tí wọ́n pè ní LEAP. Àwọn ọmọ tí wọ́n lo fún un jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rin sí mọ́kànlá, tí eczema wọn (àrùn awọ tó máa ń gbẹ, tó sì ń yún) le tàbí tí ara wọn kọ ẹyin. Wọ́n ń fún apá kan wọn ní ẹ̀pà lílọ̀ déédéé, apá kejì kò jẹ ẹ́ rárá. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún márùn-ún, iye àwọn tí ara wọn kọ ẹ̀pà láàárín àwọn tó ń jẹ ẹ́ fi bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí kò jẹ ẹ́. Nítorí náà, ọmọ tí eczema rẹ̀ le lè ní ìdí láti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú oṣù mẹ́fà.

Olóúnjẹ_Ọmọdé

Òótọ́ ni Tòkunbọ̀ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Ọmọ Yúróòpù tí omi ẹ̀rọ ilé rẹ̀ ṣe é mu láti ẹnu ẹ̀rọ, tí fíríìjì kì í kú, kò fi bẹ́ẹ̀ padánù tó bá jẹ ẹ̀fọ́ lílọ̀ lóṣù márùn-ún. Ní ibi tí a ti ń ra omi tàńkà, tí iná ń lọ ń bọ̀, oúnjẹ oṣù mẹ́rin àti ìgbẹ́ gbuuru jọ máa ń rìn ni. Ewu rẹ̀ ju èrè rẹ̀ lọ fún ọmọ tí ara rẹ̀ dá. Ọmọ tí eczema rẹ̀ le ni ti ọ̀tọ̀, dókítà rẹ̀ ló yẹ kó dá a fún un. Kò tíì sí ẹni tó fàyè gba oúnjẹ kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́rin, yálà níhìn-ín tàbí lọ́hùn-ún.

Àwọn tó máa ń sọ pé "a óò dúró di oṣù mẹ́jọ, ọmú ṣì ń tó o" náà ń ṣe é ní jàǹbá. Kí a tó bí ọmọ ni ó ti kó áyọ́ọ̀nù (iron, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀) pamọ́ sára láti ara ìyá rẹ̀. Ìpamọ́ yìí máa ń tán lọ nígbà tó bá ń lọ sí oṣù mẹ́fà. Áyọ́ọ̀nù inú ọmú kò pọ̀ rárá, èyí tí ọmọ nílò lójúmọ́ láti oṣù méje sì fò sókè sí nǹkan bíi míligíráàmù 11. Oúnjẹ nìkan ló lè dí àlàfo yẹn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò ní ẹ̀jẹ̀ tó nínú oyún, tàbí tí wọ́n gé ìwọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ láìdúró ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta, ìpamọ́ tirẹ̀ a máa tètè tán. Bí oṣù mẹ́fà bá ti pé, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ má ṣe dúró de eyín. Oúnjẹ kíkúnná kò nílò eyín.

Ìyá_Arẹ̀mú

Ẹ jẹ́ ká dé ibi ògì wàyí. Gbogbo wa la jẹ ògì dàgbà. Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé kò dáa ni?

Olóúnjẹ_Ọmọdé

Ó dáa bí ìpìlẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni ohun tí a ti yọ kúrò àti omi tí a dà sí i. Ibi tí ọmọ tó pọ̀ jù ti ń rù nìyí, torí náà ẹ ní sùúrù kí n là á dáadáa.

Nígbà tí a bá rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, tí a lọ̀ ọ́, tí a sì sẹ́ ẹ, eèrí tí a dà fún ẹran òsìn ló gbé ọ̀pọ̀ purotéènì, ọ̀rá àti áyọ́ọ̀nù lọ. Ìyókù tó rọ̀ sísàlẹ̀ abọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ sítáàṣì lásán. Kíkan tó kan ṣe ìrànlọ́wọ́, ekikan rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn gbilẹ̀, ó sì ń dín ohun tó ń di áyọ́ọ̀nù mú kù. Ṣùgbọ́n kò dá ohun tó bá eèrí lọ padà.

Èkejì, sítáàṣì máa ń wú. Bí a bá po ògì tó ki, ó máa le bí ẹ̀kọ tútù tó bá tutù, ìyá á wá bu omi sí i kó lè ṣàn nínú fídà. Inú ọmọ oṣù mẹ́fà kì í gbà ju nǹkan bíi mílílítà 30 lọ fún kílò ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan: ọmọ kílò méje, mílílítà 200 ó lé díẹ̀. Tí mílílítà 200 yẹn bá jẹ́ omi tó funfun, ó ti yó, ṣùgbọ́n kò jẹun. Àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ á máa sùn dáadáa lẹ́yìn ògì, inú ìyá á dùn, ìlà inú káàdì á sì dúró sójú kan.

Ìdánwò rẹ̀ kò ní ìnira: ẹ bu ú sí ṣíbí, ẹ dà á bí ẹní fẹ́ dà á nù. Tó bá ṣàn bí omi, kò tó. Ó yẹ kó dúró lórí ṣíbí, kó sì máa rọra já bọ́ díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é fún ìjókòó kan nìyí. Ẹ da omidùn orí ògì nù, kí ẹ wọn ògì tútù ṣíbí ńlá mẹ́ta. Ẹ fi omi tútù díẹ̀ pò ó kó má ṣe kókó, ẹ dà á sínú omi tó ń hó, bíi ìdajì ife, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi jinná, tí yóò sì tàn yanran. Nígbà tó ṣì wà lórí iná, ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀ tó kúnná tàbí ìyẹ̀fun sóyà yíyan ṣíbí ńlá kan sí i, pẹ̀lú edé lílọ̀ ṣíbí tíì kan. Ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tí ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ fi epo pupa ṣíbí tíì kan lé e. Ṣíbí tíì epo kan yẹn fún un ní nǹkan bí kálórì 40, ó sì tún ní fítámì A nínú. Ṣúgà kò wúlò, iyọ̀ kò wúlò. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò ní jẹ gbogbo rẹ̀, àgbà kan á jẹ ìyókù.

Sóyà tútù ni àṣìṣe tí mo máa ń rí jù. Àwọn kan a lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ, wọ́n á wá dà á sínú ògì tó ti jinná. Sóyà ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí inú lọ purotéènì, iná gidi ló ń pa á. Ẹ ṣà á, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sè é fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ sá a gbẹ, kí ẹ yan án kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba tó wà ní Oshodi, FIIRO, ti ṣe ògì oní-sóyà láti ọdún pípẹ́, apá méje àgbàdo sí apá mẹ́ta sóyà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ méjèèjì pọ̀ ní tútù lè lo ìwọ̀n yẹn, bí sóyà bá ti jẹ́ sísè. Ní ti ẹ̀pà, èyí tó bá ti bu, tó ṣú, tàbí tó ní kíkorò lẹ́nu, ẹ dà á nù. Ẹ má ṣe rò pé yíyan á pa oró tó wà nínú rẹ̀, kò pa á.

Alágbàdo_Ìsẹ́yìn

Ọ̀nà kan wà tí ògì fi lè ki síbẹ̀ kó máa rọrùn ún gbé mì, láìfi omi kún un: ọkà híhù. Ẹ rẹ àgbàdo tàbí ọkà bàbà fún wákàtí 24, ẹ sẹ́ omi rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ tútù, kí ẹ bò ó. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ó ti hù. Ẹ sá a gbẹ kankan lóòrùn, ẹ fi ọwọ́ ra á kí gbogbo èéhù àti gbòǹgbò rẹ̀ já kúrò, kí ẹ fẹ́ ẹ dànù, ẹ wá lọ ọkà tó kù ní gbígbẹ. Ẹ má fojú kékeré wo fífẹ́ yẹn fún ọkà bàbà, èéhù rẹ̀ ní oró nínú.

Ẹ po ògì tó ki gan-an, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀ títí yóò fi gbóná ṣùgbọ́n tí kò hó mọ́. Ẹ wọ́n ìyẹ̀fun híhù yìí ṣíbí tíì kan sí i, ẹ rò ó. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó máa rọ̀ lójú yín. Tí ògì bá ń hó nígbà tí ẹ wọ́n ọn, kò ní ṣiṣẹ́, ooru ti pa ohun inú rẹ̀ tó ń mú ògì rọ̀. Tó bá ti rọ̀ tán, ẹ gbé e padà síná kó hó dáadáa, torí ìyẹ̀fun híhù máa ń ní kòkòrò àrùn púpọ̀. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí ló ń sọ pé ọkà híhù ń fún ọmọ ní ìgbẹ́ gbuuru.

Àṣàkẹ́_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun púpọ̀ o. Mo ti ka apá ti ọdún 2001 fún màmá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó dáa, àwọn gbà. Ó ku ti ìwọ̀n. Ìgbà mélòó lójúmọ́? Àti pé yàtọ̀ sí ògì ńkọ́, ẹyin, ẹja, ẹ̀wà? Wọ́n ní ọmọ tó bá jẹ ẹyin máa ń jalè.

Nọ́ọ̀sì_Agbègbè

Ẹyin kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní olè, ẹ jẹ́ ó jẹ ẹ́ láti oṣù mẹ́fà. Kí ó jinná dénú, pupa rẹ̀ àti funfun rẹ̀.

Ìwọ̀n rẹ̀: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí ńlá méjì sí mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta lójúmọ́. Ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi lè jẹ ìdajì ife mílílítà 250 lẹ́ẹ̀kan kó tó pé oṣù mẹ́sàn-án. Láti oṣù mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin, pẹ̀lú ìpanu kan tàbí méjì láàárín, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí ìbẹ́pẹ. Lẹ́yìn ọdún kan, ife náà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ọmú ń bá a lọ títí di ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ lè kọ́kọ́ fún un lọ́mú kí oúnjẹ tẹ̀ lé e.

Ohun tuntun kọ̀ọ̀kan tí ara lè kọ̀, bí ẹyin, ẹ̀pà, ẹja, edé, sóyà, mílíìkì màlúù, àlìkámà, kí ó máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ní àárọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀. Bí ara bá lé, tí ètè bá wú tàbí tó ń bì, ẹ ó mọ èyí tó fà á, ilẹ̀ kò sì tíì ṣú kí ẹ tó gbé e débi ìtọ́jú. Èyí túmọ̀ sí pé àwo ògì tí Olóúnjẹ kọ, tó kó ẹ̀pà àti edé pọ̀, kì í ṣe ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ fún un ní ẹ̀pà lọ́tọ̀, edé lọ́tọ̀, kí ẹ tó dà wọ́n pọ̀. Ti ara bá gbà á, kí ẹ má ṣe dá a dúró, ẹ máa fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Olóúnjẹ_Ọmọdé

Ẹ ṣeun, ó yẹ kí n ti sọ ìyẹn.

Fún áyọ́ọ̀nù, ẹ̀dọ̀ adìyẹ sísè tí a gún kúnná ló yá jù, ṣùgbọ́n kó má ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nítorí fítámì A rẹ̀ pọ̀ gan-an. Ẹran lílọ̀ àti ẹja tẹ̀ lé e. Ẹja ṣáwá kò wọ́n, ẹ sè é, ẹ fi ìka wá egungun inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀wà bíbó tí a sè títí ó fi fọ́, bí ti gbẹ̀gìrì, wúlò. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ rírọ̀ tí kò láta náà wúlò. Áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kì í wọ ara bí ti ẹran. Tòmátì tàbí ìbẹ́pẹ nínú oúnjẹ kan náà ló ń ràn án lọ́wọ́. Tíì ni kò jẹ́ kó wọlé, kò sì yẹ kí ọmọ mu ún rárá.

Ẹ kò nílò ìkòkò méjì lójoojúmọ́. Nígbà tí ẹ bá ń se ọbẹ̀ ilé, ẹ bu ti ọmọ sọ́tọ̀ kí ata, iyọ̀ àti magí tó wọ inú rẹ̀. Iyọ̀ ọmọ tí kò pé ọdún kan kò gbọdọ̀ tó gíráàmù kan lójúmọ́, oúnjẹ fúnra rẹ̀ sì ti ní díẹ̀ nínú. Oyin kò wọ ẹnu rẹ̀ títí ọdún kan yóò fi pé, ì báà ṣe láti fi pa ikọ́, kòkòrò kan wà nínú oyin tó lè mú kí ara ọmọ ọwọ́ rọ jọwọrọ débi tí èémí á fi dá. Mílíìkì màlúù lè wọ inú oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ rọ́pò ọmú tàbí mílíìkì ọmọdé kó tó pé ọdún kan.

Kó tó di oṣù mẹ́jọ, ẹ jáwọ́ nínú lílọ oúnjẹ kúnná, ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́ kí ó ní kókó díẹ̀. Ọmọ tó ń jẹ kíkúnná títí kọjá oṣù mẹ́sàn-án a máa kọ oúnjẹ olókókó lẹ́yìn náà. Àmàlà pẹ̀lú ewédú àti gbẹ̀gìrì tí kò láta bá àsìkò yìí mu gan-an.

Adéọlá_Oníwòsàn

Kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu ba rírọ ọmọ. Kí a tẹ́ ọmọ sí ẹsẹ̀, kí a fi àtẹ́lẹwọ́ gba ògì sí ẹnu rẹ̀, kí a dí i nímú kí ó lè gbé e mì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ó dáwọ́ dúró pátápátá. Ọmọ tí a dí nímú gbọ́dọ̀ mí, ẹnu tó kún fún ògì ló sì kù tí yóò gbà mí. Ògì tó bá gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ló ń di ikọ́, ibà àti mímí fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ ọjọ́ kejì, tàbí kí ọmọ kú lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ jókòó gangan, ẹ kọjú sí i, ṣíbí kékeré tó rọ̀ lẹ́nu. Ẹ gbé ṣíbí kan ètè ìsàlẹ̀, ẹ dúró kó la ẹnu fúnra rẹ̀. Bó bá yí ojú kúrò, tó pa ẹnu dé, tó ti ṣíbí, ó ti tó nìyẹn, àní tó bá jẹ́ ṣíbí méjì péré. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀kọ́ ni, ọmú ló ṣì ń bọ́ ọ.

Ẹ mọ ìyàtọ̀ yìí. Tó bá ń gbọ̀fun bí ẹní fẹ́ bì, tí ojú pọ́n, tí ohùn ń jáde, tó ń wúkọ́, ẹ fi í sílẹ̀, ara rẹ̀ ló ń tì í jáde. Ẹ má ki ìka sí i lẹ́nu, ẹ ó tì í wọlé ni. Tí ohùn bá pa, tí kò lè sunkún, tí ètè ń dúdú, ó ti há nìyẹn. Ẹ dà á dojú bolẹ̀ lórí apá yín, kí orí rẹ̀ relẹ̀ ju ìdí lọ, kí ẹ di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ẹ fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká méjèèjì títí dé ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ yí i padà, ẹ fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ẹ máa ṣe é ní àṣetúnṣe, kí ẹlòmíràn pe ìrànlọ́wọ́. Ẹ̀pà odindi, guguru, àgbàdo sísè, kóró àgbálùmọ̀, egungun: ẹ gbé wọn jìnnà sí i.

Ìyá_Ìbejì_Ìgbóọrà

Àwọn ìbejì tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ 33 ńkọ́? Wọ́n ti pé oṣù mẹ́fà láti ọjọ́ tí a bí wọn, àmọ́ wọn ò tíì lè jókòó.

Adéọlá_Oníwòsàn

Ẹ kú oríire o, Ìyá Ìbejì. Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi ṣíwájú ọjọ́ wọn, torí náà bí ọmọ oṣù mẹ́rin ó lé díẹ̀ ni ara wọn ṣe rí. Ọrùn àti jíjókòó wọn ni kí ẹ tẹ̀ lé, pẹ̀lú dókítà tó ń tọ́jú wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣetán láàárín oṣù márùn-ún sí mẹ́jọ tí a bá kà á láti ọjọ́ ìbí. Ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù tiwọn kì í dúró de oúnjẹ. Oṣù mẹ́ta ìgbẹ̀yìn oyún ni ọmọ ń kó púpọ̀ jù nínú rẹ̀ pamọ́, tiwọn sì gé kúrú. Ẹ béèrè áyọ́ọ̀nù olómi lọ́wọ́ dókítà bí wọn kò bá tíì máa lò ó. Kí ẹ sì wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, Táyé lè ṣetán kí Kẹ́hìndé tó ṣetán.

Àṣàkẹ́_Mọ́kọ́lá

Iṣẹ́ ló tún kù. Mò ń padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọmọ kò sì ní tíì pé oṣù márùn-ún. Ìdí tí ọ̀rọ̀ ògì fi gbóná nílé wa gan-an nìyẹn.

Tòkunbọ̀_Peckham

Ẹ fún ọmú sílẹ̀. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ fún un sínú ike tó ní ìdérí tí a ti sè nínú omi hó, ẹ kọ àkókò sí i lára. Mílílítà 60 sí 90 nínú ike kọ̀ọ̀kan ló dáa jù, kí èyí tó ṣẹ́kù má baà pọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Agbègbè

Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n ń kọ fún ọmú tó wà ní ìta, ṣùgbọ́n fún yàrá tí kò gbóná ju digirí 25 lọ ni. Yàrá Ìbàdàn lọ́sàn-án ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kúlà pẹ̀lú yìnyín dídì á tọ́jú rẹ̀ di wákàtí 24, fíríìjì tí kì í kú á tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ mẹ́rin. Kí wọ́n gbé ike sínú omi gbígbóná kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọn kò gbọdọ̀ sè é. Ife kékeré ni kí màmá fi fún un dípò fídà: wọ́n á gbé e kan ètè, ọmọ á máa lá a fúnra rẹ̀. Ife rọrùn ún fọ̀, orí fídà ni kòkòrò máa ń sá pamọ́ sí.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ààyè ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láàárín àsìkò iṣẹ́. Ẹ béèrè rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀ kí ẹ tó wọlé padà, ẹ lè fi fún ọmú. Bí ọmú tí ẹ fún kò bá tó, mílíìkì ọmọdé tí a pò gẹ́gẹ́ bí ara agolo ṣe wí ló kàn, ògì kọ́. Ọmọ tó ń mu mílíìkì agolo náà, oṣù mẹ́fà ni oúnjẹ tirẹ̀.

Bàbá_Káyọ̀dé

Ògì inú fíláàsì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì_Agbègbè

Rárá o. Fíláàsì máa ń tutù díẹ̀díẹ̀ dé ibi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí kòkòrò fẹ́ràn jù, edé àti ẹ̀pà inú rẹ̀ á sì bọ́ wọn yó. Oúnjẹ tí a sè, kí ọmọ jẹ ẹ́ láàárín wákàtí méjì. Ìyókù inú abọ́ tí ṣíbí ẹnu rẹ̀ ti wọ̀, ẹ dà á nù. Ẹ lè gbé omi gbígbóná sínú fíláàsì, kí ẹ gbé ògì tútù lọ́tọ̀, kí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ sè é lójú iná nígbà tó bá fẹ́ jẹ. Láti oṣù mẹ́fà, omi tí a sè, tó ti tutù, lè wọlé pẹ̀lú oúnjẹ, nínú ife.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá dé, ẹ má ṣe dá oúnjẹ àti ọmú dúró. Omi oníyọ̀ ORS, síńkì míligíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14 fún ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà. Bí àwùjẹ̀ rẹ̀ bá jìn wọlé, tí ojú jìn, tí kò lè mu nǹkan, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ọ̀nà ilé ìwòsàn yá.

Àṣàkẹ́_Mọ́kọ́lá

Èyí tó kẹ́yìn: bó bá tutọ́ gbogbo rẹ̀ síta lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́? Tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá sì le?

Olóúnjẹ_Ọmọdé

Títutọ́ síta kì í ṣe pé ó kọ̀ ọ́. Ẹ gbé e wá ní ọjọ́ kejì, ní àkókò tí kò tíì fi ebi sunkún, tí oorun kò sì kùn ún. Adùn kan lè tó ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá lẹ́nu rẹ̀ kó tó gbà á. Bí ahọ́n bá ṣì ń ti ohun gbogbo síta, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ tún gbé e wá.

Ìgbẹ́ tó yí àwọ̀, tó ki díẹ̀, ohun tó yẹ ni. Bó bá le bí ẹ̀kúrọ́, ẹ fún un ní ìbẹ́pẹ tó pọ́n, ẹ fi kún ọmú àti omi, ẹ dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ kù. Ẹ má fi ọṣẹ tàbí omi tòun ti àgbo sí i nídìí.

Nígbà tí ẹ bá gbé e lọ fún wíwọ̀n ní oṣù mẹ́fà, ẹ béèrè fítámì A, èyí tó wà nínú kóró aláwọ̀ búlúù fún oṣù mẹ́fà sí mọ́kànlá, kí wọ́n sì fi téèpù aláwọ̀ mẹ́ta, èyí tó ń fi hàn bóyá ọmọ ń rù, wọn apá rẹ̀. Bó bá wà ní àwọ̀ ewé, ẹ máa bá a lọ. Bó bá bọ́ sí àwọ̀ òféèfèé tàbí pupa, wọn yóò sọ ohun tó kàn fún yín níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń fi ògì nìkan wò.